Òkùnkùn nínú Battle for Wesnoth: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tí òru ń pa lọ́mọ ogun

Ọ̀rọ̀ kan ṣáá ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí mo bá fi géèmù yìí hàn: "Mo ń nà wọ́n bọ̀ dáadáa, àfi bí wọ́n ṣe yíjú padà tí wọ́n ń pa mí bí eṣinṣin." Mo máa ń bi wọ́n pé ìyípo mélòó ni wọ́n wà. Wọ́n á ní ìkarùn-ún. Ẹ̀rín á pa mí. Ilẹ̀ ló ṣú, kò sí nǹkan mìíràn. Mo wá kó àwọn ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e jọ síbí, kí n má baà máa tún un sọ lórí fóònù.

Géèmù wo lẹ ń sọ ná?

Battle for Wesnoth. David White ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọdún 2003 ló sì kọ́kọ́ jáde. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá mọ kóòdù kọ lè tú u wò kó sì tún un ṣe, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux, kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà sì ń gbé e. Géèmù ogun ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń fi ìka sáré lé bọ́tìnnì. Wọ́n pín máàpù sí ojúlé onígun mẹ́fà. Ẹ ó kó àwọn ọmọ ogun yín káàkiri, ẹ ó jà, ẹ ó ní ó parí, ọ̀tá yín á wá ṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó nídìí ọpọ́n ayò rí ti mọ irú sùúrù tí mò ń wí.

Ìgbà wo gan-an ni ilẹ̀ ń ṣú?

Ìyípo kan ni kí gbogbo ẹni tó ń jà ṣe tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìyípo mẹ́fà ló ń pe ọjọ́ kan: àfẹ̀mọ́jú, òwúrọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, alẹ́, ọ̀gànjọ́. Ní ìyípo keje, ilẹ̀ á tún mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ní méjì, òkùnkùn ní méjì, méjì tó kù wà láàárín, wọn kì í sábà gbè sẹ́yìn ẹnì kankan.

Bí mo ṣe ń mọ̀ ọ́n láìwo àmì rèé: mo máa ń fi mẹ́fà pín nọ́ńbà ìyípo. Bó bá ṣẹ́ ku 5, tàbí tí kò ṣẹ́ ku nǹkan kan, òru ni. Ìyípo 11, òru. Ìyípo 12, òru. Ìyípo 14 ṣẹ́ ku 2, òwúrọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ìran ogun kan wà tí wọn kì í bẹ̀rẹ̀ ní àfẹ̀mọ́jú, bí ẹ bá sì ń bá èèyàn jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n lè ṣètò rẹ̀ kí ó bẹ̀rẹ̀ ní àkókò tó bá wù ú. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ wo àwòrán oòrùn àti òṣùpá tó wà lápá ọ̀tún ojú kọ̀ǹpútà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.

Kí ni òkùnkùn ń ṣe fún ìjà?

Ó ń fi kún ọgbẹ́ tí àwọn kan ń dá síni lára, ó sì ń yọ kúrò nínú tàwọn mìíràn. Ìdá 25 nínú 100 ni, sókè tàbí sísàlẹ̀. Àwọn àgbà ní òru ò molówó. Òru Wesnoth mọ olówó rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ kan wà lára ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan tó ń sọ ibi tó fì sí. Èyí tí wọ́n kọ lawful sí lára ń lágbára ní òwúrọ̀ àti ọ̀sán, ó sì ń rọ lálẹ́ àti ní ọ̀gànjọ́. Èyí tó jẹ́ chaotic, òdìkejì rẹ̀ gẹ́lẹ́. Neutral ò bìkítà. Nínú ìyókù ìwé yìí, ọmọ ọ̀sán ni mo máa pe àkọ́kọ́, ọmọ òru ni mo máa pe ìkejì.

Ẹ jẹ́ ká mú méjì kojú ara wọn. Spearman, ọmọ ọ̀sán, ọlọ́kọ̀ tí wọ́n ń gbà ní wúrà 14: ìgúnni mẹ́ta ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan á mú ẹ̀mí 7 lọ. Orcish Grunt, ọmọ òru, wúrà 12: ẹ̀ẹ̀mejì ló ń gé èèyàn, 9 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n wà, 21 sí 18, ìyàtọ̀ wọn ò tó nǹkan. Ní ọ̀sán, ọ̀kọ̀ Spearman á di 9 lẹ́ẹ̀mẹta, idà Grunt á já wálẹ̀ sí 7 lẹ́ẹ̀mejì: 27 sí 14. Ọlọ́kọ̀ yín fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ méjì rẹ̀. Ẹ wá jẹ́ kí alẹ́ lẹ́. Ọ̀kọ̀ á di 5 lẹ́ẹ̀mẹta, idà á di 11 lẹ́ẹ̀mejì: 15 sí 22. Ọmọ ogun kan náà, ojúlé kan náà, ọ̀tá kan náà. Ẹni tí kò bá mọ èyí á máa rò pé kọ̀ǹpútà ń rẹ́ òun jẹ.

Ṣé òkùnkùn máa ń jẹ́ kí ọmọ ogun tàsé?

Rárá o. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Ilẹ̀ tí ẹni tí wọ́n ń lù dúró sí ló ń pinnu bóyá wọ́n á bà á tàbí wọ́n á tàsé, òru ò sì fọwọ́ kan ìyẹn. Spearman tó wà lórí pápá, ìgbà 60 nínú 100 ni wọ́n máa bà á, lọ́sàn-án tàbí lóru. Bó bá wà nínú abúlé, ìgbà 40. Bó bá wà nínú omi, ìgbà 80, Ọlọ́run ló máa gbà á. Òru kò lè mú abúlé yín kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi ṣe pàtàkì lóru ju ọ̀sán lọ.

Ṣé mi ò ní rí ọ̀tá nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú?

Ẹ ó rí i. Máàpù á kàn pọ́n dúdú díẹ̀ ni. Kùrukùru tó ń bo ọ̀tá mọ́lẹ̀ jẹ́ ètò ọ̀tọ̀ tí wọ́n lè tàn tàbí pa kí eré tó bẹ̀rẹ̀, bó bá sì wà, ó wà tọ̀sán-tòru.

Àwọn kan nìkan ló yàtọ̀. Ghost, ìyẹn iwin lásán, lè dàgbà di Shadow, Shadow lè di Nightgaunt, àwọn méjèèjì yìí sì ń pòórá lóru. Ẹ ò ní rí wọn àfi bí ọmọ ogun yín bá dúró tì wọ́n. Bí ẹ bá ń bá Undead, ẹgbẹ́ ogun àwọn òkú, jà tí wọ́n sì ti ní Shadow, ẹ má fi ẹnì kankan sílẹ̀ lẹ́yìn ní òun nìkan, pàápàá àwọn tó ń wo ọgbẹ́ sàn.

Àwọn wo ni ọmọ òru, àwọn wo ni ọmọ ọ̀sán?

Ẹgbẹ́ ogun tí ẹ lè kó ni mo fẹ́ dárúkọ wọ̀nyí. Loyalists, ọmọ ọ̀sán ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Northerners, ìyẹn àwọn orc àti troll wọn, ọmọ òru ni wọ́n. Undead náà bẹ́ẹ̀: òkú, àdán, iwin, àti àwọn egungun tó ń gbé àáké rìn (egungun ni mo kọ o, kì í ṣe egúngún, ẹ má pe Aláàgbáà sí mi).

Àwọn yòókù lú mọ́ra. Nínú Rebels, àwọn elf ò bìkítà fún àkókò, ṣùgbọ́n Mage, ìyẹn oṣó, àti Wose, igi tó ń rìn, ọmọ ọ̀sán ni wọ́n. Nínú Knalgans, dwarf ò bìkítà, àmọ́ olè, ìgárá àti ọdẹ tó ń jí ẹran pa tó bá wọn rìn jẹ́ ọmọ òru, ó sì yẹ wọ́n. Drakes, ọmọ ọ̀sán tí ń pọ iná. Saurian, alángbá tí wọ́n jọ ń gbé, ọmọ òru. Dunefolk ní ọmọ ọ̀sán, wọ́n sì ní irú kan tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ àti àfẹ̀mọ́jú ló ń ta á lágbára. Liminal ni wọ́n ń pe irú yẹn. Ó ṣọ̀wọ́n, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Loyalists ni mò ń kó. Kí ni kí n ṣe bí alẹ́ bá lẹ́?

Bó bá di alẹ́ kí ẹ tó béèrè, ó ti pẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ni iṣẹ́ yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kọ́ ọ. Ìyípo kẹta ni, ọ̀sán gangan, mo ti lé àwọn orc kan kọjá odò kékeré kan tó gba àárín máàpù. Grunt kan kù tí ẹ̀mí rẹ̀ ò ju mẹ́rin lọ. Ìrọ̀lẹ́ dé. Mo ní kí n kàn pa èyí ná. Mo ti Spearman méjì wọnú odò, mo pa á lóòótọ́, inú mi dùn. Alẹ́ lẹ́. Grunt mẹ́rin bọ́ jáde láti ibi òkè, wọ́n dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ, àwọn ọlọ́kọ̀ mi wà nínú omi dé orúnkún. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀: 11 lẹ́ẹ̀mẹrin jẹ́ 44, ẹ̀mí Spearman kò sì ju bíi 36 lọ. Grunt méjì péré tó láti pa ọ̀kan. Mo pàdánù àwọn méjèèjì nítorí ẹ̀mí mẹ́rin.

Ohun tí mò ń ṣe nísinsìnyí ni pé bí ìrọ̀lẹ́ bá ti dé, mo kọ́kọ́ ń wo ibi tí mo máa sùn kí n tó wo ẹni tí mo máa pa. Abúlé, òkè, inú ilé olódi. Ẹ fi Spearman sínú abúlé, kí Grunt kan wá bá a lóru láti orí pápá. Grunt lè dá ọgbẹ́ 22, ṣùgbọ́n ìgbà 40 nínú 100 ló máa bà á, ó di nǹkan bíi 8.8 ní ìpíndọ́gba. Spearman á gún un padà: 15, ìgbà 60 nínú 100, ó di 9. Lóru o! Lẹ́yìn ìyẹn, abúlé á dá ẹ̀mí 8 padà fún ọlọ́kọ̀ yín nígbà tó bá tún kàn yín. Bó bá sì jẹ́ inú odò ni Grunt yẹn ti wá bá a, ìgbà 80 ni ọ̀kọ̀ máa bà á, ó di 12. Nítorí náà, ẹ̀yin ni kí ẹ fi odò síwájú, kí òru bá wọn nínú omi.

Sísá sẹ́yìn kò túmọ̀ sí sísá lọ sílé. Òru ò ju ìyípo méjì lọ. Bí ẹ bá sún sẹ́yìn tó tí ìrìn ìyípo kan ò fi gbé wọn dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ti jẹ ìdajì òru wọn láìjà. Àwọn tó bá sì yá ẹsẹ̀ jù nínú wọn á ti yọ sílẹ̀ lára ẹgbẹ́, ọ̀kan tàbí méjì, ẹ lè fi wọ́n ṣe oúnjẹ alẹ́.

Ẹ tò ní ìlà. Kí ojúlé tí ọ̀tá lè gbà kan ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan má ju méjì lọ. Èèyàn kan tó yọrí síta ní àárín ìlà, mẹ́ta tàbí mẹ́rin á bò ó.

Ṣé ẹni tó kọ́kọ́ ń ṣe ní àǹfààní kankan?

Ó ní, kò sì wọ́pọ̀ kí èèyàn kíyè sí i. Ká ní ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń ṣe, ọmọ ọ̀sán lẹ sì ń kó. Ìrọ̀lẹ́, ẹ rìn. Ọ̀tá rìn. Alẹ́ dé, ẹ̀yin lẹ tún máa kọ́kọ́ rìn kí ọ̀tá tó lè fi agbára òru lù yín. Ẹ ní ìrìn méjì láti fi sá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń ṣe ìkejì, ìrìn tí ẹ rìn ní ìrọ̀lẹ́ ni àṣemọ yín. Bí ẹ bá ti ní ó parí, alẹ́ lẹ́ nìyẹn, idà tó ti di 11 ló ń bọ̀. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo gbàgbé èyí.

Orc ni mo fẹ́ràn. Báwo ni kí n ṣe fi òru jẹun?

Ẹ lo ìrọ̀lẹ́ láti súnmọ́ wọn, kí ó lè jẹ́ pé ìyípo méjèèjì tí òru ní ni ẹ fi jà, kì í ṣe pé ẹ fi ọ̀kan rìn. Ọ̀pọ̀ olórí orc máa ń dé ojú ogun ní ọ̀gànjọ́, wọ́n á gé ẹ̀ẹ̀kan, ilẹ̀ á mọ́ bá wọn lórí pápá gbalasa, níwájú àwọn ẹlẹ́ṣin.

Lọ́sàn-án, ẹ má kàn jókòó. Orcish Assassin ń ju ọ̀bẹ tó ní májèlé. Ọ̀bẹ fúnra rẹ̀ ò lágbára, 3 lẹ́ẹ̀mẹta ni: ó di 2 lọ́sàn-án, 4 lóru, kò sí ohun tí èèyàn máa sunkún sí níbẹ̀. Májèlé ló ń pani, 8 ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, májèlé kì í sì í wo aago. Nítorí náà, iṣẹ́ ọ̀sán ni mo máa ń fún Assassin: kó dúró lórí òkè, kó máa sọ ọ̀bẹ, kí àwọn tí wọ́n wá lé wa máa padà lọ gba ìtọ́jú ní abúlé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìlà wọn á ti fà ya.

Troll Whelp náà ṣeé fi ṣe odi lọ́sàn-án, torí ara rẹ̀ ń san fúnra rẹ̀, 8 ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, láìsí abúlé. Kò ní lágbára láti pa ẹni tó bá lù ú, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ẹ torí ẹ̀ fi síbẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè dènà Undead lóru bí mo bá jẹ́ Loyalists?

Heavy Infantryman. Ó gbówó lórí, ó ń rìn bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ńtì, ṣùgbọ́n egungun ò rí nǹkan fi í ṣe. Irin ara rẹ̀ ń gba ìdajì ọgbẹ́ idà àti àáké, nítorí náà Skeleton tí àáké rẹ̀ ń dá 9 sí ẹlòmíì lára lóru, 4 ló máa dá sí i. Òun náà á wá fi kùmọ̀ rẹ̀ lu egungun, kùmọ̀ sì ni egungun ń bẹ̀rù: bí òru tilẹ̀ ti gé agbára rẹ̀ kù, 10 ló ṣì ń dá.

Ẹni tí kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Dark Adept, oṣó ẹgbẹ́ Undead. Òtútù tó ń rán jáde kò mọ irin, ìgbà 70 nínú 100 ló sì ń bani, ibi yòówù kí èèyàn dúró sí. Ẹ máa wá a kiri lọ́sàn-án kí ẹ pa á, nítorí kò ní ohun ìjà tó lè fi gbèjà ara rẹ̀ bí ẹ bá súnmọ́ ọn.

Ìṣirò mi ò bá tinú géèmù mu. Kí ló fà á?

Bí wọ́n ṣe ń yí ìdajì sí odidi ni. Bó bá jẹ́ ìdajì gẹ́lẹ́ ló kù, apá ibi tí nọ́ńbà ìpìlẹ̀ wà ni wọ́n ń fà á lọ. Dark Adept, 10 ni òtútù rẹ̀. Lóru ó yẹ kó jẹ́ 12.5, wọ́n á sọ ọ́ di 12. Lọ́sàn-án ó yẹ kó jẹ́ 7.5, wọ́n á sọ ọ́ di 8. Ẹ rí i pé méjèèjì ló sún mọ́ 10.

Bí ẹ bá fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ṣe é, ẹ tẹ ọ̀tá bí ẹni fẹ́ jà, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì ìṣirò ọgbẹ́ tó wà lójú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀: àkókò, irin ara, ọ̀gá tó wà nítòsí. Nọ́ńbà inú ìwé yìí náà lè yí díẹ̀ láti ẹ̀dà géèmù kan sí òmíràn, nítorí wọn kì í yé tún un ṣe.

Ṣé nǹkan kan wà tó lè pa òru rẹ́?

Mẹ́ta ni mo máa ń lò.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀gá. Lieutenant ti Loyalists ń fún àwọn tó kéré sí i ní ìpele, tí wọ́n sì dúró tì í, ní ìdá 25 kún agbára wọn fún ìpele kọ̀ọ̀kan tó fi jù wọ́n lọ. Wọ́n ń ro ìyẹn pọ̀ mọ́ ti àkókò ni, wọn kì í fi lu ara wọn. Nítorí náà, Spearman tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lieutenant lóru, òru yọ 25, ọ̀gá fi 25 kún un, ó padà sí 7 rẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kì í jẹ nínú rẹ̀ ṣá, ẹ má lọ tì í síwájú.

Ìkejì ni fìtílà. Bí Mage yín bá pẹ́ láyé tó láti di White Mage, tó tún ti ibẹ̀ di Mage of Light, ìmọ́lẹ̀ á máa tàn yí i ká sí gbogbo ojúlé tó fara kàn án. Lóru, ẹni tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn á máa jà bí ẹni pé ìrọ̀lẹ́ ni. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ẹni pé ọ̀sán ni. Lọ́sàn-án, kò ní fi nǹkan kún un. Adùn ibẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ ò mọ ẹgbẹ́: orc tó bá wá dúró tì í, agbára òru á bọ́ lára rẹ̀ lójijì. Ojúlé tí oníkálùkù dúró sí ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ojúlé ẹni tó ń bá jà. Mo máa ń fi Mage of Light sí ẹ̀yìn ìlà gẹ́lẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bo méjì nínú àwọn tó wà níwájú. Bí ẹ bá fẹ́ kó kan ọ̀tá, òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níwájú, ìyẹn sì léwu. Ẹ gbé e wò.

Ìkẹta ni àìbẹ̀rù. Fearless ni wọ́n kọ ọ́. Ẹni tó bá ní in kì í pàdánù agbára ní àkókò tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì ń gba ẹ̀bùn àkókò tirẹ̀. Ghoul àti Walking Corpse bí i mọ́ra, ìyẹn ni pé oòrùn ò dẹ́rù ba òkú. Heavy Infantryman lè ní in bó bá bọ́ sí i. Bí mo bá gba Heavy Infantryman tó ní in, mi ò kì í fi ṣeré.

Ṣé ó dára kí n kàn mú elf tàbí dwarf, kí n gbàgbé òru?

Ó rọrùn, ó sì dára fún ẹni tó ń kọ́ ọ. Àmọ́ ẹ má rò pé òru ò kàn yín. Elf yín ò yí padà, ṣùgbọ́n orc tó dojú kọ ọ́ ń yí padà. Lóru, ẹ padà sínú igbó tí elf ti ń yọ́ bí ẹja. Lọ́sàn-án, ẹ jáde. Dwarf, òkè ni tirẹ̀. Àṣìṣe tí mo ń rí lọ́wọ́ wọn ni pé wọ́n á máa jà ní ìwọ̀n kan náà láti àárọ̀ dé òru, bí ẹni ń ro oko.

Drakes pẹ̀lú Saurian ńkọ́?

Ìyẹn dùn mọ́ mi jù. Oníṣẹ́ ọ̀sán àti oníṣẹ́ òru nínú ilé kan. Drake tóbi, ó ṣòro láti tàsé rẹ̀, ó ń sun nǹkan lọ́sàn-án. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kó fò padà sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí Saurian jáde: kékeré ni wọ́n, ẹ̀mí wọn ò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ló gbè wọ́n, ìgbà 40 péré nínú 100 ni wọ́n ń bà wọ́n. Ẹni tí ẹ ń bá jà ò ní ríbi sinmi. Ohun tó ń ba èyí jẹ́ ni kí ẹ máa kó gbogbo wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà náà, ìdajì ogun yín á máa ṣàárẹ̀ nígbàkigbà.

Bí ogun bá wà nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ ńkọ́?

Òru ni, àná, òní, ọ̀la. Kíka ìyípo ò wúlò níbẹ̀. Ọmọ ọ̀sán tí ẹ bá kó wọlé á máa jà ní ìdá 75 agbára rẹ̀ títí ẹ ó fi jáde, àfi níbi tí ihò bá lu síta tí ìtànṣán oòrùn ń gbà wọlé, ojúlé bẹ́ẹ̀ sì ṣeé jà sí. Nínú ìtàn Heir to the Throne, tí Konrad, ọmọ ọba, àti Delfador babaláṣẹ jọ ń rìn, ẹ ó wọ irú ihò bẹ́ẹ̀ lọ sí Knalga. Ẹ tọ́jú White Mage yín kí ẹ tó débẹ̀.

Ṣé kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rù òru?

Lójú tèmi, kò bẹ̀rù rẹ̀ tó. Bí ẹ bá sún sẹ́yìn, ó sábà máa ń tẹ̀ lé yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ ọ̀sán tàbí òru. Ẹ lè fi èyí jẹ ẹ́ yó. Èèyàn ẹlẹ́ran ara tó bá mọ̀ ọ́n ṣe ò ní dá yín lóhùn; á dúró sókè odò lọ́hùn-ún, á máa kó abúlé, á máa retí ìrọ̀lẹ́ bíi tiyín.

Ìtàn wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ bí mo bá fẹ́ kọ́ nípa òru?

The South Guard. Àwọn olùbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, Deoran tí ẹ máa kó sì jẹ́ ẹlẹ́ṣin, ọmọ ọ̀sán. Bó bá ti mọ́ yín lára, ẹ lọ sídìí Descent into Darkness. Níbẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ máa wà lọ́wọ́ òru: Malin Keshar, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jí òkú, òun ni ẹ ó máa kó. Ìyípo kìíní rẹ̀ tí mo ṣe, mo ti ń sá fún ìrọ̀lẹ́ láti inú àṣà àtijọ́, kí n tó rántí pé èmi gan-an ni wọ́n ń sá fún.